Ẹnu Ta Ni Ìgbìmọ̀ Ti Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀? Lámèyítọ́ Abala 128 Ìwé Òfin Nàìjíríà àti Ọ̀ràn Ọjà Òṣòdì

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí aṣòfin bá ti ṣe òfin tán, iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó ku ti adájọ́. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé agbára tí ó fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láti ṣọ́ ìmúṣẹ òfin fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni agbára náà gbára lé, èdè ni ẹ̀rí sì gbára lé.

Agbára Inú Ìwé Òfin

Abala 128 gba ilé láàyè láti ṣe ìwádìí kí ó lè ṣe òfin, kí ó lè tún àléébù inú èyí tí ó wà nílẹ̀ ṣe, kí ó sì lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìṣedéédéé àti ìfiṣòfò. Abala 129 fún un ní agbára láti pe ẹlẹ́rìí. Abala 103 gbà kí ó yan ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, ṣùgbọ́n àbá nìkan ni ìgbìmọ̀ lè dá. Ilé ni í pinnu. Kò sì lè yí ìdájọ́ padà, nítorí abala 6 fi ìyẹn sí ọwọ́ ilé-ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ ojú àti etí nìkan ni ìgbìmọ̀ ní, a jẹ́ pé ohun tí etí náà gbọ́ ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀ràn Òṣòdì

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2003 ka ọjà kíkiri lójú pópó léèwọ̀. Ìyà rẹ̀ lè tó ìtanràn ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba wó ọjà Owónifáàrí ní Òṣòdì, ó ní kí àwọn ọlọ́jà kọjá sí ọjà Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé. Ní ọdún kan náà, Gómìnà Akinwunmi Ambode kéde pé òfin 2003 yóò mú ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà.

Ọlọ́jà tí ìsọ̀ rẹ̀ wó, tí kò rí òmíràn gbà, ojú pópó ni yóò bọ́ sí. Ibẹ̀ ni òfin sì ti ń dúró dè é. Adájọ́ kò lè tún irú àléébù yìí ṣe, ẹjọ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni ó lè dá. Ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí ètò ìdájọ́ àti ìwé ẹ̀sùn aráàlú ni ó lè wo ọ̀ràn méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni kọmíṣọ́nnà yóò mú wá. Ọlọ́jà kò ní ìwé, ẹnu ni ó ní. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.

Abala 97 gbà kí ilé fi èdè kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún Gẹ̀ẹ́sì. Ilé Aṣòfin Èkó ti lo àǹfààní yìí, ó ń fi Yorùbá jíròrò ní Ọjọ́bọ̀. Ó yẹ fún ìyìn. Síbẹ̀, láàárín aṣòfin sí aṣòfin ni ìjíròrò náà, abala 106 sì ti béèrè ẹ̀kọ́ tí ó tó ti ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń fi Yorùbá kẹ́. Ẹlẹ́rìí tí kò gbọ́ ọ ni ó nílò rẹ̀ jù.

Ìkádìí

A lè rí ẹni tí yóò sọ pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń tajà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Òtítọ́ ni, ìdí nìyí tí abala 97 kò fi dúró lórí èdè kan. Àbá wa ni pé kí ìgbìmọ̀ gba ẹ̀rí ní èdè ẹlẹ́rìí, kí ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àbọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ́ ni kò sí: láti ọdún 1991 ni ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ aṣòfin ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Ohun tí ó kù ni kí a gbé e kúrò lórí pẹpẹ, kí a gbé e lọ sí ibi tí aráàlú ti ń rojọ́.