Ìfura Láàárín Tọkọtaya: Àgbéyẹ̀wò «Mighty Like a Moose» (1926)

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Sinimá kan wà tí ó ń fi ẹ̀rín bi wá léèrè bóyá oògùn náà kì í di májèlé bí ó bá wọ ilé tọkọtaya. Leo McCarey ni ó darí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1926, ní ilé iṣẹ́ Hal Roach, nígbà tí sinimá kò tíì ní ohùn. Charley Chase ni ọkọ, Vivien Oakland ni aya. Kò gùn tó ìṣẹ́jú 30.

Eyín ọkọ yọ síta, imú aya sì tóbi púpọ̀. Olúkúlùkù yọ́ lọ tún ojú ara rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ oníṣègùn, láìsọ fún ẹnìkejì. Nígbà tí wọ́n pàdé níta, wọn kò dá ara wọn mọ̀. Ọkàn wọn fà sí ara wọn, wọ́n sì ṣe àdéhùn láti jọ lọ sóde àríyá. Ọlọ́pàá ya bo òde náà, ọ̀rọ̀ sì di bó ò lọ, o yà mí. Nígbà tí wọ́n délé, ọkọ ni ó kọ́kọ́ mọ òtítọ́.

Dípò kí ó jẹ́wọ́, ó ní òun yóò fìyà jẹ aya òun. Ó fi eyín èké bọ ẹnu, ó di ọkọ tí inú ń bí. Ó yọ ọ́, ó di àlè. Ó ń wọlé, ó ń jáde, títí aya fi gbà pé ọkùnrin méjì ni ó ń jà. Ibi tí ọgbọ́n Chase ti hàn jù lọ nìyí: ènìyàn kan ṣoṣo, ìwà méjì.

Ní Kpankou àti ní gbogbo ilẹ̀ Kétu, èyí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, ọkùnrin ni ó ń múra bí obìnrin. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, orin àti ẹ̀rín ni a fi ń bá oníwàkiwà wí. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ a máa kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, ìlú a sì gbọ́ ẹjọ́ náà ní gbangba. Nínú sinimá yìí, ọkọ nìkan ni olùfisùn, ẹlẹ́rìí àti adájọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí aya ṣe ni òun náà ṣe. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹnìkan lè sọ pé àwàdà lásán ni, pé àwọn méjèèjì ni ó jẹ̀bi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ mọ̀ ni a fi han àwa òǹwòran, a sì fi í pamọ́ fún aya. Bí a ti ń rẹ́rìn-ín, a ti di alájọṣe ọkọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú àwòrán kò pọ̀. Ẹnìkan lè máa kà á sókè ní Yorùbá tàbí Faransé. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì, ojú aya ni kí ẹ máa wò.