Ìwé Tó Rọrùn Kà Kì Í Ṣe Ìwé Òfìfo

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ ọdún 14 tí ìwé kíkà ṣòro fún, irú ìwé wo ló yẹ kí á fún un? Bí a bá fún un ní èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà, yóò ká a mọ́lẹ̀. Bí a bá sì fún un ní ti ọmọ ọdún 6, èyí tó ń sọ ti ajá àti ológbò, ojú á tì í, á fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì. A ó wá ní ọ̀lẹ ni, bẹ́ẹ̀ ìtìjú ló ń dà á láàmú.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń tẹ ìtàn eré ìdárayá tó rọrùn kà. Ní 1998 ni wọ́n dá ilé ìtẹ̀wé Barrington Stoke sílẹ̀ ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, fún àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára. Ìwé wọn kì í nípọn, bébà rẹ̀ kì í funfun báláú, ìlà rẹ̀ kì í fún mọ́ra, ìtàn bọ́ọ̀lù sì wà lára wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé kan á ní òfìfo ni irú ìwé bẹ́ẹ̀: ọmọ gbá bọ́ọ̀lù, ó wọlé, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó tán! Òótọ́ ni fún òmíràn. Ẹ wá wo ọ̀kan tí ẹ̀sùn yìí kò bá wí.

The Crossover ni wọ́n ń pè é. Kwame Alexander, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló kọ ọ́ ní 2014, ó sì gba ẹ̀bùn Newbery ní 2015. Ewì kéékèèké ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ààyè funfun pọ̀ lójú ewé rẹ̀, ọmọ tí ìwé ń sú á rí ibi mí. Ìtàn ìbejì ni, Josh àti Jordan, tó kù díẹ̀ kí wọ́n pé ọdún 13. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n òkè, ni wọ́n ń gbá. Bàbá wọn ti fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun rí.

Crossover jẹ́ ọgbọ́n tí agbábọ́ọ̀lù fi ń tan alátakò: á ju bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ kan sí èkejì, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á ti gba ibòmíràn lọ. Ọgbọ́n kan náà ni òǹkọ̀wé yìí fi tan òǹkàwé. Bọ́ọ̀lù lọmọ wá wò. Ìjà ìbejì àti àìsàn bàbá ló bá. Jordan rí ọ̀rẹ́bìnrin, owú ń jẹ Josh, ó sọ bọ́ọ̀lù mọ́ arákùnrin rẹ̀ lójú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá bàbá fínra, kò sì fẹ́ rí dókítà, nítorí ilé ìwòsàn ni bàbá tirẹ̀ kú sí. Àbí a ò mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀?

Ohun tó wù mí jù nìyí: òǹkọ̀wé náà kò sá fún ọ̀rọ̀ tó le. Josh á dúró láàárín ìtàn, á mú ọ̀rọ̀ kan, á fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn ṣàlàyé rẹ̀. Hypertension wà lára wọn, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ tí kò lè ka ọ̀rọ̀ gígùn yìí tẹ́lẹ̀ á kà á, torí pé ó ti fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe bàbá Josh.

Mo ní ẹjọ́ kan níbẹ̀ o. Lójú ewé àkọ́kọ́, lẹ́tà ń tóbi, ó ń kéré, ọ̀rọ̀ ń yọ̀ bọ́ nísàlẹ̀ bí ẹni tẹ ọ̀dà. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ọmọ tí lẹ́tà ti ń dàrú mọ́ lójú lè ti ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Kí olùkọ́ bá a ka ibẹ̀ sókè.

Bàbá kú. Àádọ́ta ni bọ́ọ̀lù tí ó máa ń sọ pé òun ti jù wọlé léraléra rí. Josh ju 49, kò tàsé ẹyọ kan. Ó gbé ìkẹ́yìn lé ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ líle kan níbẹ̀, síbẹ̀ àgbàlagbà tó bá kà á á nu ojú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé fún ọ̀dọ́, ẹ gé gbólóhùn kúrú bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má gé ọgbọ́n kúrú. Ọmọ tí kò mọ̀wé kà dáadáa mọ ohun tí ikú jẹ́.