Kò Sí Ìdọ̀tí Tí Kò Nídìí

"Má mí sí i," ni bàbá náà wí, mo sì panu mọ́.

Ohun tó fi ẹmú tín-ín-rín dì mú kò tó páálí ìṣáná. Idẹ ni, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ihò sì kún inú rẹ̀ bí asẹ́. Bí ẹni tó jókòó tì í bá mí kanlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti fò lọ nìyẹn, ẹni tó bá sì ti wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí lórí kápẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ. Ó gbé e lé orí ilé ìbọn kékeré tó wà níwájú rẹ̀, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan gọ́ọ̀mù mọ́ igun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó wá dúró. Ó ka ení, èjì, títí dé ogún. Ìgbà yẹn ló tó mú ọwọ́ kúrò.

Ilé kejì sí tiwa ni bàbá yìí ń gbé ní Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó ń fi ẹ̀yà ike inú páálí kọ́ lórí tábìlì rẹ̀ ni mọ́dẹ̀lì ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Sd.Kfz. 222, ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe amí nígbà ogun àgbáyé kejì, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hítílà. Èèyàn mẹ́ta ló ń gbà. Ìbọn ńlá rẹ̀ jẹ́ 20 mm, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì náà sì ń yí. Èyí tó jẹ́ gidi gùn tó mítà 4.8. Èyí tó wà lórí tábìlì kò pé sẹ̀ǹtímítà 14. Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń lọ jókòó tì í nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tó dára tó báyìí, kò yẹ kéèyàn kọjá lára rẹ̀ láì kí i kú iṣẹ́.

Orí ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìdá kan nínú 35 ni ọkọ̀ yìí, ibi tí 35 ti wá sì dùn-ún gbọ́. Ilé iṣẹ́ Tamiya ní ìlú Shizuoka ní Japan, tó ti ń fi igi ṣe mọ́dẹ̀lì tẹ́lẹ̀, gbé mọ́dẹ̀lì ọkọ̀ ogun Panther ti Jámánì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Panther yẹn ń dá rìn, nítorí náà mọ́tò àti bátìrì gbọ́dọ̀ ráyè nínú rẹ̀. Bí ó ti yẹ kó tóbi tó kí bátìrì lè wọlé ni wọ́n ṣe é, ìgbà tí wọ́n sì ṣírò rẹ̀, ìdá kan nínú 35 ló jẹ́. Ọ̀pọ̀ mọ́dẹ̀lì òde òní kò ní bátìrì nínú mọ́, síbẹ̀ ìwọ̀n yẹn ni àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ogun ṣì ń lò káàkiri ayé.

Ìṣirò yìí ló ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn yàtọ̀ sí ẹni tó kàn lè lẹ nǹkan pọ̀. Mílímítà 1 lára ike dúró fún mílímítà 35 lára ọkọ̀ gidi. Irin tó bo ẹ̀gbẹ́ 222 kò ju mílímítà 8 lọ, páànù mọ́góòdù rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ dáadáa. Àmọ́ ike kì í ṣàn dáadáa nínú mọ́ọ̀dù bí ojú rẹ̀ bá tín-ín-rín jù, nítorí náà mọ́góòdù tó wà nínú páálí lè nípọn tó mílímítà 1. Ẹ wò ó: mọ́góòdù yẹn ti nípọn ju iwájú Puma lọ, ọkọ̀ amí onítáyà mẹ́jọ tí Jámánì ṣe nígbà tí ogun ń parí lọ, tí irin iwájú rẹ̀ jẹ́ 30 mm! Ẹni tí kò ṣírò kò ní rí i. Ojú rẹ̀ á kàn sọ fún un pé ọkọ̀ yìí jọ nǹkan ìṣeré ọmọdé, kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Bàbá rí i. Ó dojú mọ́góòdù kọ̀ọ̀kan délẹ̀, ó fi abẹ há a láti abẹ́, láti inú wá sí etí, títí ike náà fi ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fìtílà kọjá. Ẹni tó bá wò ó láti òkè kò ní mọ̀ pé ọwọ́ kan án. Etí rẹ̀ nìkan ló fẹ́lẹ́. Ó wá fi ẹmú tẹ igun kan díẹ̀, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ti fara gbún òkúta rí. Ike tó nípọn ì bá ti ṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, iwájú tábìlì yìí ni mo ti rí ẹni tó ń ṣe é ní ti gidi.

Ibi tí irin ti pàdé irin tún ń bẹ. Wẹ́dà ló jó ara ọkọ̀ 222 pọ̀, ibi tí wọ́n bá sì jó máa ń yọ jáde bí àpá ọgbẹ́ tó ti san. Nínú páálí, ìlà gbọọrọ lásán ló wà níbẹ̀. Bàbá mú ẹ̀ka ike tí wọ́n so àwọn ẹ̀yà mọ́, èyí tí ẹlòmíì máa jù nù, ó yá a lórí iná àbẹ́là, ó sì fà á títí tó fi rí bí òwú. Ó tẹ́ òwú ike yìí sínú ìlà náà, ó fi gọ́ọ̀mù olómi pa á kó rọ̀, ó wá ń fi ẹnu abẹ tẹ̀ ẹ́ lọ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, àpá kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn agbẹ́gilére wa ń pe ìpele tó kẹ́yìn iṣẹ́ wọn ní fínfín, nígbà tí ère ti dán tán tó wá ku ìlà wẹ́wẹ́ irun orí àti ilà ojú. Ohun tí mò ń wò nìyẹn. Ó tẹ àpá àkọ́kọ́, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó há a kúrò, ó tún un ṣe. "Ó gún jù," ló wí. "Èèyàn ló jó o, kì í ṣe rúlà."

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọ̀n idẹ tó wà lẹ́nu ẹmú níbẹ̀rẹ̀. Ilé ìbọn 222 kò ní òrùlé. Àwọ̀n irin ni wọ́n fi dé e, kí ọ̀tá má baà ju bọ́ǹbù ọwọ́ sínú rẹ̀. Apá méjì ni àwọ̀n náà, ó ń ṣí sọ́tùn-ún àti sósì bí ilẹ̀kùn, nítorí ìbọn náà lè kọjú sókè láti yin ọkọ̀ òfuurufú. Wáyà tó nípọn mílímítà 3.5 lára ọkọ̀ gidi gbọ́dọ̀ di ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà kan níbí. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ike ṣe ìyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ásíìdì jẹ ihò sí. Bàbá dé apá kan, ó ṣí apá kejì sílẹ̀. Bí ẹ bá yọjú wo ibi tó ṣí, ẹ ó rí ìdí ìbọn, ẹ ó rí ìjókòó, ẹ ó sì rí ilẹ̀ ọkọ̀ tí iyanrìn ti kóra jọ sí igun rẹ̀. Bí ẹ bá wá yí ojú sí apá tó dé, ihò àwọ̀n ló kù tí ẹ ó máa fi rí ohun kan náà, ìmọ́lẹ̀ á sì gé e sí wẹ́wẹ́. Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ ìdí tó fi ka ení, èjì, títí dé ogún.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà. Ìtàn tí bàbá yàn fún ọkọ̀ yìí ni ti Libya lọ́dún 1941. Ní oṣù kejì ọdún yẹn ni àwọn ọmọ ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí Tripoli. Àwọ̀ eérú dúdú tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ni wọ́n fi kun ọkọ̀ wọn, ó sì hàn gbangba nínú aṣálẹ̀. Wọ́n wá kun àwọ̀ yanrìn lé e lórí. Ọ̀dà tí wọ́n kùn lé ọ̀dà kì í pẹ́ bó, ìjì aṣálẹ̀ sì ń ju yanrìn lù ú.

Bí bàbá ṣe ṣe é rèé. Ó fi ẹ̀rọ sípíréè kékeré kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ó sì jẹ́ kó gbẹ. Ó mú sípíréè tí àwọn obìnrin fi ń mú irun wọn dúró, ó fọ́n ọn lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá kun àwọ̀ yanrìn. Nígbà tí ìyẹn gbẹ, ó fi omi tútù pa ojú rẹ̀ ní ibi kan, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ le, ó ń fi gbo ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Omi wọ abẹ́ lọ, sípíréè irun yẹn yọ́, àwọ̀ yanrìn sì bó kúrò ní tòótọ́, àwọ̀ eérú yọjú lábẹ́ rẹ̀. Kò ya àpá kankan. Ọ̀dà ló bó fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ̀ gidi ṣe bó.

Ṣùgbọ́n ibo ló yẹ kó ti bó? Ọgbọ́n iṣẹ́ náà pọ̀ síbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a tó ń kun ọ̀dà padà sórí ibi tó ti jẹ́ kó bó. Mo bi í pé, "Ẹ̀yin, kí ló dé? Ó mà dára." Ó fi ìka hàn mí. "Ta ló ń fara kan ibí yìí? Kò sí ẹsẹ̀ tó ń dé ibẹ̀, kò sí ọwọ́ tó ń dé ibẹ̀, atẹ́gùn kò sì kọjú sí i. Kí ló máa bó o?" Ó fi wákàtí méjì pa iṣẹ́ tó dára rẹ́ nítorí pé kò nídìí.

Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọkọ̀ náà bí ọdẹ ṣe ń ka ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì irin méjì, irú èyí tí Jámánì ṣe fún ogun náà, tó ń gba lítà 20, tó ní ìmúdání mẹ́ta kí ẹni méjì lè jọ gbé e. Jerry ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ará Jámánì nígbà náà, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi ń pe kẹ́ẹ̀gì náà títí dòní. Wọ́n kun àgbélébùú funfun sára ọ̀kan, àmì pé omi ló wà nínú rẹ̀. Epo ló wà nínú èkejì. Lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo, àbàwọ́n dúdú tó ń dán ṣàn wálẹ̀, eruku ti lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi, kò sí àbàwọ́n kankan. Ìlà tín-ín-rín kan ló wà níbẹ̀ tó mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, níbi tí omi ti fọ eruku kúrò. Ìlà yẹn kò gùn ju mílímítà 9 lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń wo ọkọ̀ náà kí n tó rí i. Bàbá kò tọ́ka sí i fún mi rárá.

Iṣẹ́ yìí ní àwọn aṣáájú rẹ̀. Shepard Paine ti ìlú Chicago kọ̀wé ní ọdún 1980 nípa bí a ṣe ń fi mọ́dẹ̀lì pa ìtàn. François Verlinden ti Belgium kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bí a ṣe ń jẹ́ kí ọ̀dà tó ṣàn wọ kòtò mú kí igun yọ. Lẹ́yìn wọn ni Mig Jiménez ti Spain, tó sọ eruku àti ìpẹtà di ẹ̀kọ́ gidi. Ìwé wọn wà nínú àpótí bàbá, ojú ewé wọn ti gbó.

Mo bi í ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ kìíní. Coventry la wà. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1940, Jámánì da bọ́ǹbù bo ìlú yìí títí ilẹ̀ fi mọ́, àwókù kàtídírà tó jóná lóru yẹn ṣì wà láàárín ìgboro. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa náà bá ogun yẹn lọ sí Boma (Burma), ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọkọ̀ Jámánì? Kò bínú. Ó ní àwọ̀n yẹn ni. Láti ìgbà tó wà lọ́mọdé ló ti ń gbìyànjú àwọ̀n yẹn tí kò yọrí. Ó wá ṣí àpótí kan, ó sì fi àwọn ohun tí òun kò ní í lẹ̀ mọ́ ọn hàn mí. Òfin ilẹ̀ Jámánì ka àmì ẹgbẹ́ Nazi léèwọ̀ ní gbangba, a kì í sì í rí i lára ọ̀pọ̀ páálí mọ́dẹ̀lì. Àmì náà kò sí lára tirẹ̀ náà. Kò fi ọ̀gágun tó ń nàka sí ọ̀nà jíjìn sórí rẹ̀. Kò fi ènìyàn kankan sí i.

Lọ́jọ́ tó parí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e dé ojú fèrèsé. Lórí mọ́góòdù apá òsì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ibì kan wà tí kò tó orí ìṣáná, tí àwọ̀ yanrìn ti tán pátápátá, tí àwọ̀ eérú náà ti ń lọ, tí irin sì ti ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni awakọ̀ máa ń fi bàtà tẹ̀ kó tó wọlé. Kò sí nínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ojú kan náà ló ń tẹ̀ ní àtẹ̀títẹ̀, ẹsẹ̀ kan náà, lójoojúmọ́, títí ọjọ́ tí kò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó tó o. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.