Ta ni Ẹ̀bi Yẹ? Àkíyèsí lórí Ìbínú Ọdẹ́wálé

Bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ Yorùbá lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé bí ó ti wà nínú àyànmọ́ nìyẹn. Ẹlòmíràn a máa fi ọ̀rọ̀ yìí gba ìpẹ̀. Ẹlòmíràn a sì máa sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni mo rò pé ó ṣe kókó jù nínú eré-onítàn Ọlá Rótìmí tí ó ń jẹ́ The Gods Are Not to Blame, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀bi kì í ṣe ti àwọn òrìṣà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Rótìmí fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n òwe Yorùbá kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré náà ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ń lọ lọ́wọ́. Ó di ìwé ní ọdún 1971.

Ìtàn Oedipus, tí Sophocles ará Gíríìsì àtijọ́ fi ṣe eré, ni Rótìmí dá aṣọ Yorùbá fún. Ifá sọ fún Ọba Adétùsà àti Ọjúọlá aya rẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣaya. Wọ́n ní kí Gbọ̀nká lọ pa ọmọ náà nínú igbó, ṣùgbọ́n ọmọ kò kú. Ìjẹ̀kùn Yemọja ni ó dàgbà sí, lọ́wọ́ àwọn tí ó rò pé wọ́n jẹ́ òbí òun. Nígbà tí ó yá, ó pa Adétùsà láìmọ̀ pé bàbá òun ni, ó jọba ní Kútùjẹ, ó sì fẹ́ Ọjúọlá.

Àwọn kan ti bá àkọlé yìí jà. Wọ́n ní bí Ifá bá ti sọ ọ̀rọ̀ kí ọmọ tó lè dá jókòó, báwo ni a ó ṣe sọ pé ẹ̀bi kò sí lọ́rùn àwọn òrìṣà? Àtakò yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ babaláwo mọ̀ pé bí Ifá bá rí ibi, yóò yan ẹbọ. Nínú eré yìí, ikú ọmọ nìkan ni ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n yàn. Níbẹ̀ ni aṣọ tí Rótìmí dá ti fún ìtàn Gíríìsì náà lápá.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á gbé àsọtẹ́lẹ̀ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí á wo ohun tí Ọdẹ́wálé ń ṣe sí ohun tí ó bá bá a. Àìsàn bo Kútùjẹ, àwọn ará ìlú sì wá ráhùn fún ọba. Àwọn ọmọ tirẹ̀ náà ń ṣàìsàn. Ọdẹ́wálé kò bú òrìṣà. Ó bi àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí ni àwọn fúnra wọn ti ṣe sí i. Ó ní kí wọ́n já ewé, kí wọ́n sè é, kí wọ́n sì mu ún. Ó sì ti rán Adérópò lọ béèrè lọ́wọ́ Ifá ní Ilé-Ifẹ̀. Ó mọ̀ pé àìsàn kò sí ní ìkáwọ́ òun, ṣùgbọ́n pé ewé jíjá wà ní ìkáwọ́ gbogbo wọn.

Ọkùnrin yìí kan náà ni ó pa àgbàlagbà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tí ó wo Ifá fún un ti sọ pé kí ó jókòó sí ibi tí ó wà, ó sá. Nítòsí Ẹdẹ, ó bá àwọn kan tí wọ́n ń wa iṣu lórí ilẹ̀ tí ó fi owó rà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí iṣu ni ó sọ ọ́ di apànìyàn. Ìgbà tí bàbá náà fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣẹ̀sín ni ó gbé ọkọ́. Lẹ́yìn tí ó jọba, tí àṣírí fẹ́ tú, ó rò pé ará Kútùjẹ ń dìtẹ̀ mọ́ òun nítorí pé òun jẹ́ àlejò, ó sì fi Ògún búra pé kí ojú òun má ṣe rí Adérópò mọ́. Ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èyí ni mo rí nínú ìwà Ọdẹ́wálé. Ó ka àìsàn mọ́ ohun tí agbára ènìyàn kò ká, nítorí náà ó fi ọgbọ́n kojú rẹ̀. Kò ka ẹnu ẹlẹ́nu mọ́ ọn. Ó rò pé bí òun bá lágbára tó, òun lè pa ẹ̀gàn mọ́ ọmọ aráyé lẹ́nu.

Rótìmí fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn alágbára ayé, bí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ni òun pè ní òrìṣà nínú àkọlé náà, pé kí á má di gbogbo ẹ̀bi ogun wa rù wọ́n. Èmi kò ní dá wọn láre. Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà ta ohun ìjà fún ìjọba àpapọ̀. Faransé ran Biafra lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọn kọ́ ni wọ́n kọ́ wa láti máa fi ẹ̀yà ara wa ṣẹ̀sín. Ìbọn lè ti òkè òkun wá, àwa ni a gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ní òpin eré, kò sí ohun tí Ọdẹ́wálé lè tún ṣe mọ́. Bàbá ti kú, Ọjúọlá ti pa ara rẹ̀, òun náà sì ti fọ́ ojú ara rẹ̀. Nígbà náà ni ó kọ̀ kí wọ́n dá òrìṣà lẹ́bi. Ó jẹ́wọ́ pé kíákíá tí òun máa ń gbèjà ẹ̀yà òun ni àwọn òrìṣà rí lò. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì jáde ní ìlú. Ìjẹ́wọ́ náà pẹ́ kí ó tó dé, kò sì jí ẹnikẹ́ni dìde. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó yàn án, Ifá kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí a bá tún gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé bí ó ti wà nínú àyànmọ́ nìyẹn, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, bóyá ewé ni ó já wá tàbí ọkọ́ ni ó ṣì gbé dání.