Truffaut àti ọmọ tí kò sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ó rántí fíìmù Faransé tí mo máa ń fi hàn yín tí a bá dé orí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè: L'Enfant sauvage, iṣẹ́ François Truffaut, tó jáde ní 1970. Mo tún un wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àṣé ohun tí mo kọ́ yín nípa rẹ̀ kò pé.

Truffaut mọ ìyà ọmọdé. Kò mọ bàbá tó bí i, ọmọ ọdún 14 ló sì fi ilé-ìwé sílẹ̀. André Bazin, alárìíwísí fíìmù, ló gbà á mọ́ra bí ọmọ. Nínú Les Quatre Cents Coups (1959), tó gba ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù ní Cannes, ẹ̀yìn ọmọ ló wà gbágbáágbá: olùkọ́ ń fìyà jẹ Antoine, bàbá tó ń tọ́ ọ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ọmọ sá títí ó fi dé etí òkun.

Ọdún 11 lẹ́yìn náà, ó bọ́ sórí àga olùkọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Itard, dókítà tó gba Victor, ọmọ tí wọ́n mú nínú igbó ní Aveyron, láti kọ́ ọ lédè. Ó sì fi fíìmù náà yẹ́ Jean-Pierre Léaud sí, ẹni tó ṣe Antoine.

Ẹ rántí "lait", ìyẹn wàrà. Victor pè é, àmọ́ ìgbà tí wàrà bá ti dé iwájú rẹ̀ ló ń pè é; kì í fi tọrọ. Mo ń sọ fún yín pé ìró ayọ̀ nìyẹn, kò tíì di ọ̀rọ̀. Mo ṣì dúró lórí èyí.

Ibi tí mo ti kùnà ni ibi tí Itard ti mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ọmọ náà níyà láìṣẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó mọ òdodo. Victor bu ú jẹ, inú Itard dùn. Èmi náà a máa yọ̀. Lọ́jọ́ kan akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè: "Sà, ta ló bi ọmọ náà bóyá ó gbà?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì bá iṣẹ́ lọ.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni àléébù fíìmù náà. Victor sá lọ, ó padà wálé, Itard ní ẹ̀kọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́, fíìmù parí. Ṣùgbọ́n Victor kò sọ̀rọ̀ délẹ̀ rí. Itard pa iṣẹ́ náà tì lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ìyáàfin Guérin, tó ń ṣe ìtọ́jú ilé, ló wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1828. Truffaut, tó fi Antoine sílẹ̀ létí òkun láìfún wa ní ìdáhùn kankan, fi ìrètí pa ilẹ̀kùn dé níbí, ìrètí olùkọ́ sì ni.

Síbẹ̀ ẹ wò ó. Ohùn Itard ń ka àkọsílẹ̀ tútù, kámẹ́rà sì ń wo ojú ọmọ. Ojú yẹn sọ ohun tí ìwé kò sọ. Ìdí nìyí tí mo fi kà á mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù.

Ìwọ tó béèrè ìbéèrè ọjọ́ yẹn, bí o bá ń ka èyí, jọ̀ọ́, gba máàkì rẹ. Ó pẹ́ kó tó dé.