Yíya Àgbákò: Ibi Tí Ọwọ́ Ti Ń Kọ̀

Nínú gbogbo ẹ̀dá abàmì tí ọdẹ Àkàrà-Oògùn bá pàdé nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, n kò rí èyí tí ó ń fi ojú ayàwòrán rí màbo tó Àgbákò. Fìlà rẹ̀ irin, ẹ̀wù rẹ̀ idẹ, ṣòkòtò rẹ̀ awọ. Láti orúnkún dé ẹsẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ni. Àwọ̀n irin wé ìbàdí rẹ̀, oríṣiríṣi ẹ̀dá fi inú àwọ̀n náà ṣe ilé, ejò ààyè sì ń yọ ahọ́n níbẹ̀. Ojú mẹ́rìndínlógún wá tò yí ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ ká.

Ẹnu lè to gbogbo èyí léra, kí etí sì gbà á. Òǹkàwé gbọ́ fìlà, ó gbọ́ ẹ̀wù, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó mú pẹ́ńsù dání kò rí irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ojú wọ̀nyẹn gan-an ni ó sì le jù. Bí wọ́n bá yí orí ká lóòótọ́, ẹni tí ó dúró níwájú Àgbákò kò lè rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ayàwòrán bá ya kìkì èyí tí ó hàn sí i, mẹ́rìndínlógún di bíi mẹ́jọ. Bí ó bá kó gbogbo wọn síwájú, orí kò yí po mọ́. Ibí yìí ni wọ́n ti ń pa ìlà rẹ́ títí bébà fi ń lu.

Ọ̀pọ̀ a sá níbẹ̀. Wọ́n á fi ojú méjì sí i, wọ́n á fi ìwo àti eyín gígùn inú fíìmù òkèèrè dí àlàfo. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe Àgbákò. Ìfaradà tí iṣẹ́ yìí ń béèrè kọjá kí á máa fa ìlà kan náà ní àfàtúnfà. Fágúnwà dá ẹ̀dá tí kò ní ẹ̀yìn, tí ń wo ibi gbogbo pọ̀. Ayàwòrán tí èyí bá dà láàmú ti ń ka ìwé náà dáadáa. Ohun tí ó kù ni kí ó pààrọ̀ ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí. Àwọn agbẹ́gilére wa mọ èyí tipẹ́: òkè ni babaláwo ti ń wo ọpọ́n Ifá, àwọn ọpọ́n kan sì wà tí ojú tí a gbẹ́ sí etí wọn ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó bá wo Àgbákò láti òkè bẹ́ẹ̀ yóò rí àyè fún ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, bí ikin ti pé mẹ́rìndínlógún, láìpa irọ́ kankan.

Bruce Onobrakpeya, ọmọ Agbarha-Otor ní Ìpínlẹ̀ Delta, ni ó ya àwòrán sí ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 1968. Ní 1967, áásìdì ba irin pẹlẹbẹ tí ó fi ń tẹ àwòrán jẹ́. Kò jù ú nù. Níbi tí ó ti ń wá bí yóò ṣe tún un ṣe ni ó ti bá ọ̀nà ìtẹ̀wòrán tí ó sọ ní plastograph pàdé. N kò sọ pé áásìdì ni ó bí àwòrán inú ìwé Ṣóyínká o. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni ìwà ọwọ́ kan náà: nínú iṣẹ́ rẹ̀, ara ẹ̀dá kì í dán, ọnà kún un bámúbámú, ó sì ń jẹ́ kí àpá hàn. Àgbákò tí ó jẹ́ irin níhìn-ín, awọ lọ́hùn-ún, ewé nísàlẹ̀, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ ẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ya àwọn ẹ̀dá Fágúnwà pé kí wọ́n kọ́kọ́ yà wọ́n sórí bébà. Ẹ̀rọ a máa gbé ìlà tí kò tẹ́ni lọ́rùn lọ láìku nǹkan kan. Bébà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà ejò àkọ́kọ́ tí kò parẹ́ tán, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì tí ó tọ̀nà, ni ó sábà máa ń mú kí ejò inú àwọ̀n náà dà bí èyí tí ń mira.