Orúkọ àti Okùn Ìran Nínú Ìwé Tanguay

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Quebec, láàárín àwọn ọmọ Faransé tó tẹ̀dó sí Kánádà, ẹni tó bá gbójú lé orúkọ nìkan láti wá ilé yóò ṣìnà. Òtítọ́ yìí ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí mo ń ka Dictionnaire généalogique des familles canadiennes, iṣẹ́ Cyprien Tanguay, àlùfáà ìjọ Àgùdà, tí apá méjèèje rẹ̀ jáde láàárín ọdún 1871 sí 1890.

Iṣẹ́ ńlá ni. Láti inú ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú tó wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ ni Tanguay ti ṣa àwọn ìdílé jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ọba Faransé ti ọdún 1667 ti béèrè pé kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà méjì. Bí iná bá jó ọ̀kan, ìrètí ṣì wà lára èkejì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ará Quebec fi lè ka baba ńlá wọn dé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni «dit», tó túmọ̀ sí ‘tí à ń pè ní’. Àlàjẹ́ ló máa ń tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ ogun ní irú rẹ̀ púpọ̀: ẹnìkan á máa jẹ́ Lafleur, ìyẹn òdòdó; ẹlòmíràn á jẹ́ Sansoucy, ẹni tí kò mọ ìdààmú. Àwọn mìíràn gba tiwọn láti ibi tí wọ́n ti wá, bíi Langevin, ará Anjou. Àlàjẹ́ yìí kì í bá ẹni tó ni ín kú. Ó di ogún. Nínú ọmọ baba kan náà, ẹ̀gbọ́n lè di orúkọ baba mú, kí àbúrò mú àlàjẹ́, kí ẹ̀kẹta máa jẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, ìdílé méjì tí orúkọ wọn kò jọra lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan. Lafleur méjì sì lè má tan rárá. Nígbà tí nǹkan bí 900,000 ènìyàn kó lọ sí Amẹ́ríkà láàárín 1840 sí 1930, Boisvert ẹlòmíràn di Greenwood lọ́hùn-ún, Roy ẹlòmíràn di King.

Okùn wo ló wá yi? Lójú tèmi, orúkọ ìyá ni. Nínú ìwé ìjọ, obìnrin kì í pàdánù orúkọ ilé baba rẹ̀: òun ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ìrìbọmi, nígbà ìgbéyàwó àti nígbà ìsìnkú. Bí orúkọ ọkọ bá yí padà nígbà mẹ́ta, orúkọ aya yóò jẹ́rìí pé ọkùnrin kan náà ni. Síbẹ̀, abẹ́ orúkọ ọkọ ni Tanguay to ìdílé sí. Nǹkan bí 770 obìnrin ni ọba Faransé fi ránṣẹ́ láàárín 1663 sí 1673, tí wọ́n sì di ìyá ńlá fún ọ̀pọ̀ ará Quebec. Ẹni tí kò bá mọ ọkọ wọn yóò pẹ́ kó tó rí wọn. Òfin Quebec tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1981, tó ní kí aya máa jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ kó tó lọ́kọ, sún mọ́ àṣà àwọn ìwé ìjọ àtijọ́ ju ètò Tanguay lọ.

Àwọn kan wà tí okùn yìí pàápàá kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Marie-Josèphe Angélique, ẹrúbìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yẹgi fún ní Montréal ní 1734 lórí ẹ̀sùn pé ó ti iná bọ ìlú, kò ní orúkọ ìdílé. Olivier Le Jeune, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n rì bọmi ní Quebec ní 1633, orúkọ fadá Paul Le Jeune ni wọ́n fún un. Ìwé tí a tò lórí orúkọ ìdílé kò lè fún irú wọn ní ilé. Ó di 1990 kí Marcel Trudel tó kó àwọn ẹrú náà, tí wọ́n lé ní 4,000, jọ sínú ìwé kan, àwọn olówó wọn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

N kò ní kí a pa Tanguay tì. Ẹni tó bá ṣí ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lórí orúkọ tó wà lókè. Kí ó bèèrè ta ni ìyá, kí ó sì bèèrè ta ni kò sí níbẹ̀.